Aṣọ Tó Lè Di Àkísà

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn aránṣọ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó aṣọ àtijọ́ jọ sọ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ tán.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń tú ìdì aṣọ àlòkù lọ́jà Ouando kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu àti Ṣábẹ̀ wá, ẹ kú ọ̀nà. Mo rí àwọn tó ti di abẹ́rẹ́ mú kí wọ́n tó bí mi, wọ́n jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn. Mo júbà yín kí n tó la ẹnu.

Aṣọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì yìí. Dúdú tó wà ní ìpẹ̀kun ni kóótù bàbá bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìtajà kan létí ọ̀sà. Ó wọ̀ ọ́ ya fọ́tò kí wọ́n tó bí bàbá mi. Èyí tó wà láàárín ni agbádá ẹtù tí àbúrò bàbá mi jogún. Ẹ̀kẹta ni kóótù tí èmi fúnra mi rà ní tuntun lọ́dún tó kọjá. Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun ládùúgbò wa, mo tẹ́ bébà mímọ́ lé e, mo wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tuntun jẹ́ 700 gíráàmù. Ti bàbá bàbá mi dín díẹ̀ ní kílò kan àbọ̀. Ẹtù ju kílò mẹ́ta lọ.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ọmọ tó bá ń bá àgbà figa gbága la sì máa ń fi í bá wí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lónìí bí aránṣọ ṣe máa gbọ́ ọ. Kí aṣọ tó di àkísà, ó ní ibi tó máa ń gbà kọjá. Aṣọ ìmúròde ló kọ́kọ́ máa ń jẹ́. Bó bá pẹ́, á di aṣọ ilé. Wọ́n á tú u, wọ́n á gé e fún ọmọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù á di àbùlẹ̀ lára aṣọ oko. Nígbà tí kò bá sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè dì mú mọ́, wọ́n á fi í nu gíláàsì àtùpà, tàbí kí wọ́n lọ́ ọ ṣe òwú tí iná máa jó. Ẹni tó bá ní àkísà ti ní aṣọ tó gbó tọ́jọ́, ìdí nìyẹn tí ọmọdé kò fi lè ní i. Kóótù tuntun tí mo rà yìí, pọ́lísítà tó dà bí ike ni, ẹ má bínú, kò lè di àkísà láéláé. Bó bá ya, kò ní fa omi bí a bá fi nu ilẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ síná, yíyọ́ ló máa yọ́. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wa á hú u níbẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Aṣọ ọkùnrin tí wọ́n rán láàárín nǹkan bí 1900 sí 1940 jẹ́ aṣọ tó lè di àkísà. Ẹni tó rán an ti ro ti ẹni tó máa tú u mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú àpótí ní Àjàṣẹ́ yìí, lábẹ́ ibùsùn àwọn ìyá àgbà wa, a kò sì mọ ohun tí a ní.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ìwúwo. Aṣọ irun àgùntàn tí wọ́n fi ń rán kóótù ọkùnrin ní Yúróòpù nígbà náà máa ń wọn 500 sí 600 gíráàmù ní mítà kan. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí kò sábà ju 250 sí 300 lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: inú ilé wọn tutù, iná èédú inú yàrá kan ni gbogbo ilé ń yá, ojú afẹ́fẹ́ sì ni èèyàn wà lórí ẹṣin tàbí nínú ọkọ̀. Aṣọ ọrùn ẹni ni ilé ẹni. Nígbà tí ilé wá gbóná, tí ọkọ̀ ní ìlẹ̀kùn, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Ẹnì kan á bi mí pé, ní Àjàṣẹ́ kẹ̀? Nínú ooru yìí? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn baba wa kì í wọ kóótù irun àgùntàn lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ ni aṣọ òwú funfun líle, tí ìhun rẹ̀ dàgẹ̀rẹ́ bíi ti kàkí, tó ṣeé sè, tó ṣeé sá sóòrùn, tó sì ń gba sítáàṣì. Ẹni tí owó rẹ̀ ká a a wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n hun ní Ireland. Kóótù kan tún wà tó dúdú tó sì ń dán díẹ̀, tó fúyẹ́ bí ewé. Irun alpaca ni wọ́n fi hun ún, ẹran kan tó dà bí àgùntàn ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń sìn lórí òkè Peru. Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń hun irun rẹ̀. Kóótù dúdú tó wúwo ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti òkú, ti fọ́tò, ti oyẹ́. Oyẹ́ Kétu àti Ṣábẹ̀ kì í sì í ṣe oyẹ́ kékeré, ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀hún wá lè jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹtù tó wà láàárín yẹn. Ó ju ìlọ́po méjì kóótù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé báwo ni bàbá wa ṣe ń wọ̀ ọ́ nínú ooru. Òwú tí wọ́n rì sínú aró léraléra títí tó fi dúdú bí ìyẹ́ ẹtù ni, àwọn ìlà tín-ín-rín funfun sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Sányán ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, láti inú ilé kòkòrò inú igbó la ti ń mú òwú rẹ̀. Àlàárì pupa sì wà, tí sílíìkì rẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti ìhà Tripoli kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa. Kò sí ọ̀kan tó fúyẹ́ nínú wọn. Yorùbá ti fẹ́ràn aṣọ tó ń dúró lára kí òyìnbó tó dé. Ìgbà tí ẹni tó ti wọ ẹtù bá fọwọ́ kan irun àgùntàn tí wọ́n hun ní Elbeuf ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Huddersfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ á dá a mọ̀. Èrò tèmi ni pé ìdí nìyẹn tí kóótù fi tètè rí àyè láàárín wa. Àwọn kan gbà pé nítorí a fẹ́ dà bí òyìnbó ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní agbádá kílò mẹ́ta nílé kò nílò kí òyìnbó kọ́ ọ ní aṣọ.

Irun àgùntàn ní ọ̀nà méjì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra àlòkù, ẹ mọ èyí dájú. Ọ̀nà kìíní, wọ́n á fi òòyà yà á títí irun gígùn nìkan á fi kù, tí gbogbo rẹ̀ á tò síbì kan náà, wọn á wá ran án le. Aṣọ rẹ̀ máa ń tẹ́jú, ó máa ń mọ́, èèyàn á rí ìhun rẹ̀ kedere. Ti Bradford, ti Huddersfield, ti Roubaix ní ilẹ̀ Faransé nìyẹn. Ọ̀nà kejì, wọn kò ní yà á tó bẹ́ẹ̀, irun kúkúrú àti gígùn á jọ dàpọ̀, aṣọ náà á máa hu irun lójú, á rọ̀, á gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí aṣọ tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ ní erékùṣù Harris ní àríwá Scotland ṣe rí nìyẹn, èyí tó ti ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ láti 1910. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀lù ayé tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé inú yín dùn.

Ti kàkí kò gùn. Láti ilẹ̀ Íńdíà ni orúkọ náà ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni àwọ̀ eruku. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ló mú un jáde níbẹ̀ láàárín 1840 sí 1850. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni bó ṣe wọ ilẹ̀ wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun tipátipá. Àwọn Yorùbá ará Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n sì bá wọn jà. Àwọn tó lọ tí wọ́n sì padà bọ̀, kàkí àti fìlà pupa ni wọ́n wọ̀ wálé, láìpẹ́ kàkí di ṣòkòtò ọmọ iléèwé, ó di aṣọ oko. Aṣọ tí wọ́n fi ìbọn lé wa bá la wá fi ń ro oko. Nǹkan mìíràn tí mo máa ń rò nípa ogun yẹn ni ti ṣòkòtò pupa tí sójà Faransé wọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ́dún 1914. Aró pupa rẹ̀, láti Jámánì tí wọ́n fẹ́ lọ bá jà ni wọ́n ti ń rà á. Jámánì kan náà ló ti ń ta aró búlúù tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀rọ láti 1897, èyí tó wá ń bá èlú àwọn aláró wa du ọjà.

Ó yá, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ sún mọ́ tábìlì. Mo ti tú ẹsẹ̀ láínììnì kóótù yìí ní ìwọ̀n ìka mẹ́fà kí ẹ lè rí inú. Inú ni a ti ń mọ aṣọ.

Aṣọ ràkìràkì tó wà láàárín ìta àti láínììnì yìí, òwú ni wọ́n ta, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n fi dábùú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó padà sípò. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ló ti wà nínú àpótí, ó ṣì ń padà sípò. Ẹ wá wo ẹ̀yìn kọ́là tó ṣẹ́ wálẹ̀ sí àyà. Ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tó kún ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi rán gbogbo rẹ̀. Mo kà wọ́n níbi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Bí aránṣọ ṣe ń rán an ló ń ká a mọ́ ìka rẹ̀, kí ọ̀kan nínú aṣọ méjèèjì lè gùn ju èkejì lọ ní ìwọ̀n tíńtín. Ìdí nìyẹn tí kọ́là náà fi ká wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pa. Ìka ẹni tó rán an ló ṣì wà nínú rẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ inú mọ́ ti ìta pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Ó yá, ó sì dínwó, mi ò bá ẹni tó ń ṣe é jà. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí kóótù tí àyà rẹ̀ wú bí ara tó lé ròrò lẹ́yìn ìfọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Gọ́ọ̀mù ló jábọ́ níbẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó lè tún un ṣe.

Ẹ wo ojú rírán ẹ̀yìn rẹ̀. Àlékún tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ti tuntun, kò tó ọ̀kan. Ẹni tó rán ti àtijọ́ mọ̀ pé ọkùnrin á sanra, mọ̀ pé ọmọ á jogún, mọ̀ pé ẹlòmíràn á fi àlùmọ́gàjí tú iṣẹ́ òun. Owó aṣọ ni wọ́n fi sínú òkùnkùn yẹn tí ojú kò rí. Àwa náà ní tiwa. Aṣọ òkè jẹ́ ẹ̀ya tín-ín-rín tín-ín-rín tí a rán pọ̀, a lè tú wọn, ká tún wọn tò, ká fi agbádá ṣe bùbá láìgé ohunkóhun dànù. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn àti aránṣọ London kò mọ ara wọn, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún aṣọ bákan náà.

Láínììnì ara jẹ́ dúdú, ti apá jẹ́ funfun onílà. Kò sí ẹni tó máa rí i àfi ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Àmì ìgbà náà ni, ẹ máa wá a bí ẹ bá ń tú ìdì aṣọ.

Ta ló ń rán irú èyí ní Àjàṣẹ́? Ẹ wo àárín wa. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú dìde ní Bahia lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti Bràsíl. Àwọn tí a ń pè ní Àgùdà mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: kíkọ́lé, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ aránṣọ. Ẹni tó bá ti dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa, tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia láti òkè délẹ̀, ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́lé nínú wọn. Iṣẹ́ àwọn tó ránṣọ kò hàn gbangba bẹ́ẹ̀, nítorí a ti kó o sínú àpótí. Ọjọ́ ọdún Bonfim tí àwọn Àgùdà máa ń ṣe nínú oṣù kìíní ọdún ni díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń jáde. Ẹ wo èjìká àwọn bàbá wọ̀nyẹn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rọ Singer bá wọn níbẹ̀. Ọdún 1851 ni Singer gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1856 ilé iṣẹ́ náà ti ń gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ìsanwó díẹ̀díẹ̀ yẹn ló gbé e dé abúlé. Ọ̀pọ̀ èyí tó wá sí Áfíríkà, Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Nínú kóótù yìí, ẹ̀rọ ló rán ojú gígùn, ọwọ́ ló rán èyí tó tẹ̀.

Bọ́tìnnì rẹ̀ dà bí eyín erin, ṣùgbọ́n ara igi ló ti wá. Èso ọ̀pẹ kan ni, ó ń so ní Ecuador, ó máa ń le bí eegun bó bá gbẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ iná, ẹ óò rí ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti ìka ọwọ́. Ti ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìkarahun inú omi. Ẹ fi kan ètè, ó tutù. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe kì í tutù. Ṣòkòtò àtijọ́ kò ní síìpù, bọ́tìnnì ló wà níwájú rẹ̀. Lóòótọ́, Gideon Sundback ti ṣe síìpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún 1913, ṣùgbọ́n ó di àárín ọdún 1930 sí 1940 kí àwọn aránṣọ ńlá tó gbà á sínú ṣòkòtò ọkùnrin. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì mẹ́fà nínú ìbàdí, okùn èjìká ni wọ́n ń so mọ́ ọn, nítorí ìbàdí ṣòkòtò ìgbà yẹn máa ń ga ju ìdodo lọ.

Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì dá dúró. Ìtàn rẹ̀ ni pé lọ́dún 1827, obìnrin kan ní ìlú Troy ní Amẹ́ríkà, Hannah Montague, gé kọ́là kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kó lè fọ ibi tó dọ̀tí nìkan. Ìlú náà lódindi ni wọ́n wá ń pè ní ìlú kọ́là. Ọkùnrin kan á ní ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti kọ́là méjìlá. Wọ́n máa ń rì í sínú sítáàṣì títí á fi le gan-an bí páálí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, sítáàṣì pákí ni, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni. Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé ẹni tí kò bá lè lọ kọ́là kí eérú má ta sí i, kí ó má pe ara rẹ̀ ní alágbàfọ̀.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ sítáàṣì: lọ́dún 1930, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Frédéric Gadmer bá Fádà Francis Aupiais, tó ti gbé ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wá sí Dàhòmì, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ Benin nígbà náà. Albert Kahn, olówó báńkì kan ní Paris, ló rán an. Àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n yà lé ní 1,000. Orí gíláàsì ni wọ́n yà á sí, sítáàṣì ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n pa láró ọ̀sàn, àwọ̀ ewé àti elése àlùkò ni wọ́n sì dà sójú gíláàsì náà kí àwọ̀ lè jáde. Ohun tó mú kọ́là le náà ló jẹ́ ká mọ̀ lónìí pé aṣọ àwọn baba wa kò rí dúdú àti funfun bí fọ́tò ilé wa ṣe ń sọ. Pupa wà níbẹ̀, àti àwọ̀ ewé, àti búlúù aró tó jinlẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére Kétu kò dúró de kámẹ́rà ní tiwọn. Ẹ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́, ẹ óò rí akẹtẹ̀ líle àwọn òyìnbó amúnisìn níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì kùn.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ aṣọ ọkùnrin ní Àjàṣẹ́ kí n má dárúkọ Kojo Tovalou Houénou. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1887. Ó kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó di agbẹjọ́rò, ó ṣiṣẹ́ ìṣègùn nínú ọmọ ogun Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gbogbo Paris sì mọ̀ ọ́n mọ ìmúra. Lọ́dún 1923, àwọn àlejò Amẹ́ríkà kan kò fẹ́ rí èèyàn dúdú ní ilé fàájì kan ní Montmartre, wọ́n sì lù ú jáde. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Lóru ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kí aṣọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú sílẹ̀, ó sì lọ bá Marcus Garvey, aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn èèyàn dúdú, ní New York. Bí mo bá ti wo fọ́tò rẹ̀, èjìká kóótù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, ọkàn mi a sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ìdánwò iná. Ẹ fa òwú kan ṣoṣo nínú àlékún aṣọ, ẹ fi ẹ̀mú irin dì í mú, kí omi wà nítòsí. Irun àgùntàn kì í fẹ́ jó. Ó máa ń rùn bí irun orí tó jóná, iná rẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á rún lọ́wọ́. Òwú àti ọ̀gbọ̀ máa ń jó bíi bébà, eérú wọn fúyẹ́. Sílíìkì tí wọ́n fi igi ṣe, èyí tó ti wà lọ́jà kí Ogun Kìíní tó dé, máa ń jó bí òwú, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Èyí tó bá yọ́, tó kán bí oje, tó di kókó líle, pọ́lísítà ni tàbí náílọ́nù. Ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe náílọ́nù, 1941 ni pọ́lísítà. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ní kóótù 1920 ni òun ń tà, tí òwú tó so ó pọ̀ bá yọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Mo ní ìbànújẹ́ kan tí mo fẹ́ sọ. Kóótù yìí ní ṣòkòtò tirẹ̀. Mo gbé e fún alágbàfọ̀ kan nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì sọ ohunkóhun fún un nípa irú aṣọ tó jẹ́. Omi gbígbóná ló fi fọ̀ ọ́, ó sì bó o dáadáa bí èèyàn ṣe ń bó kàkí. Ohun tí mo gbà padà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ì bá wọ̀ ọ́, ó sì ki bí ẹní. Ara irun àgùntàn ní ìpẹ́ bí ẹja, èyí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Bí omi gbígbóná àti ọṣẹ bá là á, tí ọwọ́ sì ń fún un, àwọn ìpẹ́ yẹn á wọnú ara wọn, wọn kì í sì í jáde mọ́. Mo sunkún lórí ṣòkòtò yẹn. Omi tútù ni kí ẹ lò, ọṣẹ tí kò le, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú omi láìfún un, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura níbi òjìji. Ìgbà púpọ̀ ni kò tilẹ̀ nílò omi. Búrọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ àárọ̀ tó fún un.

Òólá ni ọ̀tá kejì. Kì í ṣe òólá tó ń fò ló ń jẹ aṣọ, ọmọ rẹ̀ ni, tó ń rá kiri nínú òkùnkùn. Kò fẹ́ òwú, irun ló fẹ́, àti ìdọ̀tí tí òógùn fi síbẹ̀. Ẹ máa mú aṣọ jáde, ẹ máa gbọ̀n ọ́n sí oòrùn àárọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ fi káńfọ̀ sínú àpótí láìjẹ́ kó kan ara aṣọ. Ti bu tó máa ń mú aṣọ nígbà òjò létí ọ̀sà wa, àpótí tí kò fara kan ilẹ̀ àti ògiri ni ìdáhùn.

Ibẹ̀ ni mo parí sí lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ máa bọ̀. Bàbá aránṣọ kan tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ dìde, ọ̀dọ́ méjì sì dì í mú lápá títí ó fi dé ìdí tábìlì. Ó yí kóótù náà síta, ó sún awò rẹ̀ sókè, ó fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn kọ́là dé ìṣẹ́tí. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló rán an?"

Mo ní, "Bàbá, a ò mọ̀."

"Ọlọ́wọ́ òsì ni."

Ó fi hàn wá. Abẹ́rẹ́ ẹni tó ń fi ọ̀tún rán máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo èyí dà sí ìkejì. Bó ṣe rí nínú kọ́là náà ló rí ní ìṣẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló yí abẹ́ apá rẹ̀ wò, ibi tí wọ́n ti fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, tí èmi kò tilẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ní i. Ó ní, "Èyí yàtọ̀. Ọ̀tún ló tún un ṣe."

Ó fà àga mọ́ra, ó béèrè òwú dúdú. Wọ́n fún un. Ó fi ètè rin ẹnu òwú náà, ó fi í bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìka mẹ́fà tí mo tú padà.